Ibi Tí Orin Alájì Ti Máa Ń Gé

Ọkọ mi ò lè pe omi mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ orin òyìnbó. Ó ti lé ní oṣù méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ nínú yàrá wa ní Sábọ̀n Gàrí, apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ kan ti yọ. Tó bá fẹ́ omi, "bá-bá-bá" ni. Tó bá fẹ́ tọ̀, "bá-bá-bá" ni. Èmi tí mo ń fi èdè mẹ́ta ná ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, n ò rí èyí tí mo lè fi túmọ̀ "bá-bá-bá" nínú wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mò ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀, ni mo bá gbọ́ tó la ẹnu, tó kọ ìlà orin kan gbáko, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, kò kọsẹ̀ níbì kan.

Mo ju aṣọ sílẹ̀. Mo ní, "Háà, Alájì! Ẹ ò lè pe omi, orin gìtá lẹ lè kọ?"

Ó wò mí. Ẹ̀rù ba òun náà.

Gwánjò ni mò ń tà, aṣọ àlòkù tó ń ti ìlú òyìnbó wá, nínú ọjà Sábọ̀n Gàrí, Sáríà. Ìwé tí mo kà tó èyí tí mo fi lè mọ nọ́ńbà ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, kò tó èyí tí mo fi lè máa gbéraga. Kò sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà bá ní aṣọ mi ti gbó, mo máa ń sọ fún un pé ojú òun náà ò tuntun. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Ọkọ mi nìkan ni kì í sọ bẹ́ẹ̀, torí òun ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ti kọ́ ọ.

Télọ̀ ni nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ní Muchia, ọmọ Ìlọrin bí tèmi, tí wọ́n bí sí Sáríà bí tèmi. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń ránṣọ fún, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi tí adìyẹ lè wọ ibẹ̀ kó sì yé ẹyin. Àwọn ló kó àrùn orin ràn án. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á fi orin rọ́ọ̀kì sí i, gìtá á máa ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù, ìlù á máa ró bí ìkòkò tó ń yí bọ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ wákà, òun ń gbọ́ ariwo. Lọ́jọ́ tó wá rí bàbá mi nítorí mi, irun orí rẹ̀ tó agbọ̀n, bàtà rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Bàbá mi yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Ṣé ọkọ lèyí, àbí ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko?"

Mo fẹ́ ẹ náà. Sinimá ló fi mú mi. Fíìmù Íńdíà ni gbogbo Sáríà ń wò nígbà yẹn, èmi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, òun náà ò gbọ́ ọ, síbẹ̀ òun ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá sí mi létí. Ọlọ́pàá kan á wà lójú fíìmù, tí yóò máa sunkún lórí òkú ìyá rẹ̀, ọkùnrin yìí á rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, á ní, "Ó ní ìyá òun ti kú, kò sì sọ ibi tó kó ẹran inú ọbẹ̀ sí." Màá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn Haúsá tó wà níwájú wa, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wù nu omijé, á yíjú padà, "Haba! Ku yi shiru!" A ó dákẹ́. Kò ní pẹ́ tí ọmọbìnrin kan á máa jó yí igi ká, ọkùnrin yìí á tún ní, "Ó ní èèrà wọ òun láṣọ." Irọ́ ló fi fẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Orin kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. N ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ọkùnrin kan wà ní Sábọ̀n Gàrí tó ń da orin láti inú àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì fúnni. Ọkọ mi sanwó kásẹ́ẹ̀tì gígùn, ọkùnrin náà fi kúkúrú ṣe é. Orin náà á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, olórin á ti gun òkè tán, á fẹ́ ké igbe ìkẹyìn báyìí, kásẹ́ẹ̀tì á tán. Bọ́tìnì rédíò á ta sókè: kàà! Ọkọ mi á gbé orí sókè láti ìdí máṣíìnì, á kígbe pé, "Olè!"

Mo ní kó lọ dá a padà. Kò lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọkùnrin náà rò pé òun ti dárí jì í. Báyìí la ṣe ń gbọ́ ọ láti ọdún dé ọdún. Àwọn ọmọ wa kọ́ ọ kí wọ́n tó kọ́ Fátíhà. Orin á gòkè, bọ́tìnì á ta, gbogbo ilé á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Olè!" Ayálégbé tuntun kan sáré jáde lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó ń bèèrè ibi tó gbà lọ. Ọkọ mi ní, "Ó ti lọ tipẹ́, Ìyá. Ọ̀nà ọjà ló gbà."

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Mẹ́kà. Ṣáájú ìgbà yẹn, "ìwọ" ni mo máa ń pè é; bó ṣe dé, ó di "ẹ̀yin", ó di Alájì. Kò sí ẹni tó fi tipá mú un pé kó má gbọ́ gìtá mọ́. Ṣùgbọ́n àwa ará Ìlọrin, bí èèyàn bá ti ju òkúta sí èṣù tó sì padà wálé, gbogbo àdúgbò ló ń dẹtí sí fèrèsé rẹ̀ láti gbọ́ bóyá èṣù tẹ̀ lé e bọ̀. Ó fi rédíò ta ẹnì kan lọ́rẹ ní Dogarawa. Kásẹ́ẹ̀tì ni kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó tò wọ́n sínú àpótí páànù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í, "Alájì, ṣé ká kúkú dà wọ́n nù?"

Ó ní, "Fi síbẹ̀."

Kò ṣí i mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, kò fọwọ́ kàn án. Èmi wá gbà pé ohun tí Alájì bá ti pa dé, ó pa á dé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bi Alájì nípa ohun tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń wọ bàálù. Àṣìṣe mi nìyẹn. Bí mo bá bi í lẹ́ẹ̀kan péré, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà òjò tó ṣáájú àìsàn rẹ̀, àgbẹ̀ onírẹsì kan láti ẹ̀yìn Dogarawa wá sí ìsọ̀ mi. Kóòtù ńlá ló ń wá, tí yóò wọ̀ fún ọmọláńgidi lóko nítorí ẹyẹ. A ná an, a rẹ́rìn-ín, mo bá a yan èyí tí apá rẹ̀ gùn. Ó wá fi Haúsá bi mí bóyá mo ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ó ní àwọn máa ń fa okùn dúdú inú rẹ̀ jáde, àwọn á so ó láti òpó dé òpó yí oko ká; bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á máa hùn, bí oòrùn bá ràn, á máa kọ mànà, ẹyẹ ò ní dúró.

Àpótí páànù ló wá sí mi lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń wá àyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún aṣọ ọmọdé tí kò tà. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Alájì lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi fa àpótí jáde. Mo ta gbogbo rẹ̀. Mo tún fi fìlà kan ṣe ènì. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ẹyẹ oko rẹ á gbọ́ orin òyìnbó lọ́dún yìí, kí wọ́n má lọ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò." Mo kó aṣọ ọmọdé sínú àpótí, kó lè wúwo bí ti tẹ́lẹ̀, mo tì í padà. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N ò ní purọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni Alájì ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, kò lè dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún wa láti ọsibítù, dókítà obìnrin kan, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní GRA, máa ń yà wò ó bó bá ń bọ̀ láti ọjà. Òun ni mo sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún. Ẹnu ò yà á.

"Ìyá, ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ẹ máa fi orin tí wọ́n fẹ́ràn sí i fún wọn. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ máa ń tẹ̀ lé orin jáde."

"Ṣé á tún sọ̀rọ̀?"

"A ò lè mọ̀." Ó wo ẹsẹ̀ Alájì, ó wo ojú mi. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, Ìyá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ò wálẹ̀. Bí irú èyí bá tún kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì..."

Kò parí rẹ̀. Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lẹ́nu ọkùnrin náà kó tó lọ. N ò tọrọ ìwàásù. Kó pè mí. Kó bú mi pàápàá. A ti ń bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ "bá-bá-bá" ni a ó fi dágbére.

Fíìmù la kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ Haúsá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, wá ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Íńdíà àtijọ́ rí lórí fóònù rẹ̀. A gbé e sórí ìrọ̀rí. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Alájì wò ó díẹ̀, ó wá yí ojú sí mi, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń dúró. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ló kàn láti purọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Ó ní... ó ní wọ́n ti jí bàtà òun gbé ní mọ́ṣáláṣí, ìyẹn ló ń dun òun ju ikú ìyá òun lọ."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì yè gbéra. Itọ́ ń dà, ejìká ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi sọ fóònù sílẹ̀, ó jáde lọ sunkún sí ẹ̀yìnkùlé. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi purọ́ báyìí, gbogbo òkú Íńdíà pátá ni mo fi ṣẹ̀sín. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

A wá kan orin. Ọmọ mi ní, "Mama, kí ni orúkọ waƙa náà?" Mo ní n ò mọ̀. Ó ní kí n hùn ún. Èmi, arúgbó tó ń ta gwánjò, mo dúró láàárín yàrá, mo ń fi imú ṣe gìtá. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló rí i.

Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, Alájì di ọwọ́ òsì mú aṣọ ìtẹ́sùn. Ó ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Orin gòkè. Ó dé ibẹ̀. Orin inú fóònù ò dúró. Olórin ké igbe rẹ̀, gìtá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń lọ. Alájì dákẹ́. Ojú rẹ̀ tú ká bí ẹni tó wọ ilé onílé. Ó ń fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, ó ń nawọ́ sísàlẹ̀. "Bá-bá-bá! Bá-bá-bá!"

Ọmọ mi ní, "Ina kaset ɗin Baba? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń nawọ́ sí, Mama."

Mo ní, "Kásẹ́ẹ̀tì wo? Eku ti jẹ ẹ́ tipẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dogarawa, mo rìn lọ sóko onírẹsì náà. Wọ́n ti kórè. Ọmọláńgidi ṣì wà níbẹ̀ nínú kóòtù mi, fìlà ènì lórí rẹ̀, ó kúkú dùn ún wò ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin Sábọ̀n Gàrí lọ. Okùn kásẹ́ẹ̀tì ti já, ó lọ́ mọ́ òpó, ó lọ́ mọ́ ẹ̀gún, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń hùn bí agbọ́n. Mo bi àgbẹ̀ náà nípa ike tí okùn wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn fi dáná. Mo ń já okùn kúrò lára ẹ̀gún, mo ń ká a mọ́ ọwọ́ bí òwú. Ọkùnrin náà ń wò mí.

"Mama, ṣé o fẹ́ gbọ́ orin ni?"

Mo ní, "Ẹyẹ ti gbọ́ ọ tán."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fi omijé dé ọ̀nà títì.

Inú kẹ̀kẹ́ ni ọgbọ́n náà ti wá. Mo délé, mo ní kí ọmọ mi fi orin náà sí i, bí olórin bá ti gun òkè tán, kó tó ké, kó pa á. Ó pa á. Alájì ń wo òrùlé, ó ń retí nǹkan, nǹkan náà ò dé. Mo mọ ohun tó kù. Mo mú àlùmọ́gàjí ìránṣọ rẹ̀ láti orí máṣíìnì, irin ńlá yẹn. A tún orin náà bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi pa á níbẹ̀, èmi pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé: kàà!

"Olè!"

Ó mọ́ gaara bí ìrun pípè. Ọmọ mi pariwo, ó dì mọ́ ọn. Èmi jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. A tún un ṣe. "Olè!" Dókítà dé nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ká máa bá a lọ, ó ní bí ọ̀kan bá ti jáde, òmíràn lè tẹ̀ lé e. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ilé fi ń yọ̀ nítorí olè.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́, ojú rẹ̀ ṣì máa ń lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Àárọ̀ Jímọ̀, ọmọ mi lọ sí ibi iṣẹ́, ó fi fóònù sílẹ̀ fún mi. Mo ní, bí ẹnu ọkùnrin yìí bá ṣí, kí tèmi náà ṣí. Mo fa àpótí páànù jáde, mo ṣí i níwájú rẹ̀. Aṣọ ọmọdé. Mo mú okùn tí mo kó bọ̀ láti Dogarawa, mo fi sí i lọ́wọ́ òsì.

Mo ní, "Èmi ni mo tà á. Alájì, wọ́n fi lé ẹyẹ. Mo rò pé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni. Mo rò pé o ti fi í sílẹ̀ ní Mẹ́kà." Kò tilẹ̀ yé mi pé mo ti padà sí "ìwọ".

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ra okùn náà, bí télọ̀ ṣe máa ń ra òwú láti mọ̀ bóyá yóò já.

"Bú mi," mo ní. "Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ báyìí. Sọ ọ́ sí mi."

Mo fi orin sí i. Ó gòkè. Mo pa á níbẹ̀. Mo gbé àlùmọ́gàjí sókè, mo pa á dé: kàà!

Ó wò mí. Ètè rẹ̀ yà, mo rí ahọ́n rẹ̀ tó gbéra. Ó wá pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ ọ́. Ọmọ mi dé, òun náà gbìyànjú, dókítà gbìyànjú. Àní kò sọ ọ́ mọ́. Dókítà ní bóyá ọpọlọ ló tún gbà á padà, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi dúró níwájú ẹnu yẹn nígbà tó ṣí àti nígbà tó pa dé. N ò bá dókítà jiyàn.

Ìkọlù kejì dé láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ìdájí. Wọ́n sin ín kó tó di ìrun ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ síbojì ni mo rántí pé okùn náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ti ká a mọ́ra dáadáa, bí òwú tí èèyàn á tún lò.

Bóyá ó fi orí jì mí ni, bóyá ó fẹ́ kí n máa gbé ẹ̀bi náà kiri ni, n ò mọ̀. Ẹni tí mo lè bi ti lọ. Àwọn èèyàn ń wá kí mi, wọ́n ní Alájì ò bá ẹnikẹ́ni jà kó tó kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ mi ṣì ń fi orin náà sórí fóònù bó bá ń fọ abọ́. Kì í gé e mọ́. Mo ti wá gbọ́ ìparí rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí: olórin á ké tán, gìtá á máa lọ, á máa lọ, á rọra kú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibi tiwa yẹn, ọmọ mi á dá ọwọ́ dúró nínú omi, á yíjú wò mí, ẹnu á máa yún mi. N kì í sọ ọ́.